Kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀ láti òkèèrè: nọ́ńbà ara píllà ni kẹ́ ẹ bi wọ́n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjò. Ẹ ní wọ́n fi fídíò ilẹ̀ kan lọ́nà Mọ́níyà n'Íbàdàn ránṣẹ́ sí yín ní Jámánì, wọ́n sì fi lokéṣọ̀n WhatsApp tì í, ẹ wá ń bi wá bóyá ó tó fi sanwó. Kò tó o. Ibi tí ẹni tó mú fóònù dúró sí nìkan ni lokéṣọ̀n yẹn ń sọ. Ó lè dúró sórí ilẹ̀ onílẹ̀ kó fi ránṣẹ́.

Ìwé survey ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo igun ilẹ̀ nínú àwòrán náà, ẹ óò rí nọ́ńbà E (ti ìlà-oòrùn) àti N (ti àríwá) tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà, lára píllà kan ó kéré tán (píllà ni òpó kọnkéré tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀), fígọ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ṣáájú póìntì. Wọ́n á tún kọ "Origin: UTM Zone 31" síbì kan (UTM ni ètò tó pín map ayé sí zone), inú zone yẹn ni Ìbàdàn, Èkó àti Àkúrẹ́ bọ́ sí.

Ibí gan-an lèmi ti ṣìnà. Kánádà ni mo wà nígbà yẹn. Mo tẹ nọ́ńbà náà sínú map fóònù mi, ló bá lọ bọ́ sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan lódìkejì títì. Mo pe àbúrò mi tó bá mi wo ilẹ̀, mo jágbe mọ́ ọn títí ó fi pa fóònù. Àṣé òṣùwọ̀n Minna, tí wọ́n fi ń ya map ní Nàìjíríà, ni wọ́n fi ya ìwé náà, òṣùwọ̀n míì tí wọ́n ń pè ní WGS84 sì ni sátẹ́láìtì GPS ń lò. Àlàfo àárín méjèèjì lé ní ọgọ́rùn-ún mítà lọ́dọ̀ wa. Ẹ ní kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yí i láti Minna sí WGS84 kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Tó bá ti yí i tán, ẹ má tún fi fóònù wá ààlà. Ní gbangba pàápàá, fóònù lè fi mítà márùn-ún ṣìnà. Ojú ilẹ̀ àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ò ju bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ìdá mẹ́ta rẹ̀ ti lọ nìyẹn! GPS tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ń gbé ka ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń mú un dé sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ wá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà bá mú wá o. Kó mú nọ́ńbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ya fọ́tò píllà kọ̀ọ̀kan kí nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn, kó wá gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Sẹkitéríàtì Agodi. Wọ́n á fi í sórí map ìjọba, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn, tàbí survey ẹlòmíì ti gun orí rẹ̀. Ìwé méjì lè dára lójú bákan náà kí wọ́n sì máa jìjà ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ojú ò lè rí i, map á rí i.

Bẹ́ ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni Google Earth Pro. Ẹ fa àwòrán àwọn ọdún tó ti kọjá wò: omi tí wọn ò fi hàn nínú fídíò lè wà níbẹ̀.

Map kì í sọ ẹni tó nilẹ̀ ṣá. Tí C of O (ìwé àṣẹ ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba) bá wà, kí lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò ní Land Registry. Ẹni tó bá jẹ́ ti Àbújá ló ń wá, AGIS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, ni kó lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ìwé náà gbà, ẹ fi E àti N rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Mo lè bá yín yí i lálẹ́ yìí.