Ọdún 20 láìsí ìjàǹbá kì í ṣe ẹ̀rí pé gyroplane dára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Nínú ẹgbẹ́ tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń wa gyroplane, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí abẹ̀bẹ̀ ńlá orí rẹ̀ ń gbé dúró lófuurufú, àwọn àgbà méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀kan ní irú èyí tí mo fẹ́ rà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ga tí kò sì ní ìrù pẹrẹsẹ (apá kékeré tó tẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ bíi ti bàálù), yóò pa mí. Èkejì ní òun ti ń wa irú rẹ̀ láti ọdún 20 sẹ́yìn láìsí ìjàǹbá, pé gyroplane kì í já bí eré rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ bíi ti bàálù, àti pé ìlara ló ń da ẹni àkọ́kọ́ láàmú. Ta ni kí n gbà gbọ́? Àbí kí n fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gba ìkankan nínú wọn gbọ́ títí ẹ ó fi wọn ọkọ̀ náà. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, orí ènìyàn sì ni gbogbo wọn máa ń gbé ọ̀rọ̀ kà, nígbà tó jẹ́ pé inú bí wọ́n ṣe to ọkọ̀ ni ewu náà wà, ó sì ṣeé wọ̀n. Bí ìlara bá tilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ẹni tó ń jowú náà lè sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ àgbà kejì ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, òótọ́ yẹn ló sì ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì. Juan de la Cierva, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ṣe bàálù ńlá kan tí ó já ní ọdún 1919 nítorí pé eré rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ó sì pinnu láti ṣe ọkọ̀ òfuurufú tí irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kìíní ọdún 1923, ọkọ̀ náà, tí í ṣe gyroplane, fò. Abẹ̀bẹ̀ ńlá orí rẹ̀ kì í gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì bí ó bá ti gbéra. Atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ rẹ̀ gòkè ló ń yí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọkọ̀ náà á rọra máa sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Cierva wà, ó sì ní ìrù bíi ti bàálù. Nígbà tí Igor Bensen ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn lè tò fúnra rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀yìn awakọ̀ ni ó gbé ẹ́ńjìnnì sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn (èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí) tó gùn sí i, wọ́n sì ní láti gbé ẹ́ńjìnnì sókè kí abẹ̀bẹ̀ náà lè rí àyè yí. Orúkọ rere ọkọ̀ Cierva ni àgbà yín fi ń gbèjà ọkọ̀ tí wọ́n tò lọ́nà tó yàtọ̀ pátápátá.

Kí ni ewu náà gan-an? Àfi kí ìwúwo ọkọ̀ máa fa abẹ̀bẹ̀ orí nígbà gbogbo kí ó tó lè máa yí bó ti yẹ. Bí awakọ̀ bá ti ọ̀pá ìdarí síwájú lójijì, tàbí tí atẹ́gùn líle gbé ọkọ̀ sókè tí ó sì jù ú sílẹ̀, ara awakọ̀ á fúyẹ́ lórí ìjókòó. Ní àkókò yẹn, atẹ́gùn kò gba abẹ́ abẹ̀bẹ̀ náà gòkè dáadáa mọ́, yíyí rẹ̀ á máa dínkù, agbára tí ó fi ń fa orí ọkọ̀ sẹ́yìn á sì lọ. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ kò dẹwọ́. Bí ìlà ìtì, ìyẹn ìlà tí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn ń gbà ti ọkọ̀ síwájú, bá ga ju ojúkò ìwúwo lọ, ìyẹn ibi tí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ti dọ́gba, ó dà bí ìgbà tí a ti àpótí gíga lórí: imú ọkọ̀ á dorí kodò, ọkọ̀ á tàkìtì síwájú, abẹ̀bẹ̀ orí á sì gé ìrù. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n ọwọ́ tó lè dá a padà bí ó bá ti yí.

Nínú atẹ́gùn tó dákẹ́, ọkọ̀ yìí kan náà á máa fò geere, nítorí pé agbára òkè àti ti ẹ̀yìn ń dọ́gba. Ó lè fò bẹ́ẹ̀ fún ọdún 20, kí ó má sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àwọn tí wọ́n ti wa bàálù pẹ́ ní ewu tiwọn lọ́tọ̀, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọwọ́ wọn láti ti ọ̀pá síwájú kíá bí eré bá ń lọ sílẹ̀, ohun tó sì ń gba bàálù là yìí lè pa ẹni tó wà nínú gyroplane. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tán, wọ́n á ní òkú ló ṣi ọwọ́ lò, wọn kò sì ní wọn ọkọ̀ náà. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn gidigidi.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Glasgow fún àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ibi tí ìlà ìtì wà sí ojúkò ìwúwo ló ṣe kókó jù. Ínṣì 2 sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ ojúkò náà ni àjọ náà sì fi ṣe òdiwọ̀n. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní ìrù pẹrẹsẹ tó tóbi dáadáa ló ṣe kókó jù. Àríyànjiyàn gidi nìyẹn. Èmi fẹ́ kí méjèèjì wà lára ọkọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá máa wọ̀.

Láti wọ̀n ọ́n, wọ́n á so ọkọ̀ náà rọ̀ láti ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú awakọ̀ àti epo nínú rẹ̀, wọ́n á sì fa ìlà tó dúró ṣánṣán láti ibi ìsorọ̀ kọ̀ọ̀kan; ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni ojúkò ìwúwo. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti ṣàyẹ̀wò ọkọ̀ ni kí ó ṣe é. Èmi kò fojú kan ọkọ̀ náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi kò lè rọ́pò àyẹ̀wò rẹ̀, kò sì lè rọ́pò olùkọ́ yín. Bí ara yín bá fúyẹ́ lójijì ní òfuurufú, ohun tí a ń kọ́ ènìyàn ni kí ó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kí ó sì rọra fa ọ̀pá sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ má dán èyí wò láìsí olùkọ́.

Ní ti ìjà yẹn, ẹ má torí rẹ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń jà lórí ewu sàn ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ohunkóhun níbẹ̀. Àgbà àkọ́kọ́ náà jẹ̀bi níbì kan: ẹni tó bá sọ pé ọkọ̀ kan yóò pa ènìyàn láìgbé òdiwọ̀n kalẹ̀ ti sọ ìkìlọ̀ di èébú, ẹni tí a bá sì bú kì í gbọ́ ìkìlọ̀ mọ́. Ẹ lọ bá àgbà kejì ní òun nìkan, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí a pe ayẹ̀wò-ọkọ̀ wá kí ó wọn tiyín, kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ rà." Bí ó bá gbà, ẹ pe àgbà àkọ́kọ́ wá síbẹ̀ kí òun náà fojú ara rẹ̀ rí i. Bí ó bá kọ̀, ẹ má ra irú ọkọ̀ náà, kí ẹ má sì bá a fò.