Íápíìsì rẹ kò ní béèsì? Wo rọ́bà rẹ̀ ná

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìlọrin, èmi ni mo sì ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo fẹ́ ra ojúlówó íápíìsì onírọ́bà, irú èyí tó ń wọnú ihò etí. Méjì tí mo ti rà, kò sí béèsì, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀ orin, nínú wọn. Ẹni tó ta èkejì fún mi ní kí n jẹ́ kó máa kọrin fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kí béèsì rẹ̀ tó là. Ọ̀rẹ́ mi ní èyí tó ní díráfà mẹ́fà, ìyẹn spíkà kékeré inú rẹ̀, ni kí n rà. Ilé-iṣẹ́ wo ni béèsì tiwọn dáa jù?

Ìdáhùn: Àbúrò, mi ò tíì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan fún ọ, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí ò ń wá ti wà lọ́wọ́ rẹ. Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Lọ́pọ̀ ìgbà, íápíìsì kọ́ ló burú. Rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni kò bá ihò etí ẹni tó ń lò ó mu.

Wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Spíkà inú íápíìsì kò ju èékánná lọ, kò lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ohun tó fi ń rí béèsì gbé jáde ni pé afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òun àti awọ ìlù inú etí rẹ kéré, ibẹ̀ sì dí pa. Bí rọ́bà bá fi àlàfo sílẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, agbára ìró ìsàlẹ̀ á gba ibẹ̀ jáde. Ìró òkè kì í sá bẹ́ẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á ṣì máa dún, fèrè náà á máa dún, ìdí nìyẹn tí orin fi ń tín-ín-rín létí rẹ, tó sì ń gún un. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú ìró bẹ́ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Dán an wò lónìí. Fi orin tí o mọ̀ dáadáa sí i, kí ohùn rẹ̀ má pọ̀. Rọra fi ìka tẹ méjèèjì wọnú díẹ̀. Bí béèsì bá dé lójijì, tó sì tún lọ nígbà tí o yọwọ́, o ti rí àrùn rẹ̀.

Inú páálí, rọ́bà oríṣi mẹ́ta ló sábà máa ń wà: kékeré, àárín àti ńlá. Àárín ni wọ́n máa ń fi sí i láti ilé-iṣẹ́, àwọn èèyàn á sì da ìyókù nù. Gbé ńlá wò, gbé kékeré wò. Ihò etí ọ̀tún àti tòsì lè má dọ́gba, nítorí náà o lè fi ńlá sí ọ̀kan, kí o fi àárín sí èkejì. Bí o bá ń kì í bọ etí, fi ọwọ́ kejì fa etí náà sókè àti sẹ́yìn díẹ̀, kí ojú ihò rẹ̀ là, kí o wá máa rọra yí íápíìsì bó ṣe ń wọlé. Bí kò bá sí rọ́bà tó bá a mu, wá ti fóòmù: wàá fún un pọ̀, wàá kì í bọ̀ ọ́, á sì wú padà kún ihò náà. Ó máa ń tètè gbó ju rọ́bà lọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti ọgọ́rùn-ún wákàtí yẹn, inú ń bí mi sí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Orin tó ń dún mọ́jú nínú àpò rẹ kò lè dí àlàfo tó wà létí rẹ. Etí ẹni ló máa ń mọ́ra pẹ̀lú ohùn tuntun, a ó wá rò pé ẹ̀rọ ló yí padà. Nígbà tí wákàtí náà bá sì fi máa pé, àsìkò tí o lè dá ọjà padà ti kọjá.

Ní ti díráfà, pípọ̀ rẹ̀ kọ́ ló ń sọ pé ọjà dáa. Íápíìsì tó lórúkọ bí Etymotic ER-4 tó jáde ní 1991, ẹyọ kan ló wà létí kọ̀ọ̀kan. Shure SE215, ẹyọ kan náà ni. Má fi iye díráfà yan ọjà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹni tí kò gbọ́ béèsì á máa gbé ohùn sókè ṣáá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá 80 decibel (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe pọ̀ tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí o bá fi 3 péré kún un, tó di 83, wákàtí náà di 20. Etí tí ariwo bá ti bà jẹ́ kì í sàn padà. Rọ́bà tó dí dáadáa á lé ariwo ọkọ̀ sẹ́yìn, ohùn kékeré á sì tó ọ. Ìdí kan náà ni mo fi ní kí o má lò ó lórí ọ̀kadà tàbí bí o bá ń sọdá títì. Èmi kì í ṣe dókítà o. Bí etí bá ń dùn ọ́, tó ń hó, tàbí tó ń ṣọyún, yọ ọ́ kí o lọ rí dókítà etí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da òróró sí i.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí tí béèsì ò sì yọjú, nígbà náà ni kí o ra òmíràn. Ra olókùn. Ohùn Bluetooth máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́, ẹni tó ń ta gìtá ò sì lè fara da ìyẹn. Okùn tó ṣeé yọ ni kó jẹ́, torí okùn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Moondrop Chu II àti 7Hz Salnotes Zero rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 20 dọ́là ni wọ́n ń tà wọ́n lókè òkun; iye rẹ̀ ní náírà ń yí, béèrè dáadáa. Bí fóònù rẹ ò bá ní ihò íápíìsì, wàá ra ohun tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ojú ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù. Gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, kí o sì pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ níbẹ̀ kí o tó sanwó. Ẹni tí kò bá gbà fún ọ, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.