Igi ń gbẹ nínú igbó: ẹ yí ìsàlẹ̀ bàtà yín wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọmọ mi méjì máa ń lọ rìn nínú igbó lópin ọ̀sẹ̀. Láìpẹ́ yìí a wo ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa àrùn tó ń pa igi, ni àkọ́bí mi bá ní òun ò lọ mọ́, pé gbogbo igi ló ń kú. Ṣé nǹkan kan wà tí àwa tí a kì í ṣe onímọ̀ lè ṣe? Bàbá wọn sì ní ká pa tẹlifíṣọ̀n, ká ra ìwé fún wọn. Èwo lẹ fara mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀, kì í ṣe gbogbo igi ló ń kú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ igi aláìsàn wò, bí wọ́n bá sì ti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde lálẹ́, fóònù mi kì í sinmi lọ́jọ́ kejì. Ewé tó bá ti pọ́n díẹ̀, wọ́n á ní àrùn ti dé. Tí mo bá débẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé òùngbẹ lásán ló ń gbẹ igi náà.

Àmọ́ àrùn wà lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ àti òjò máa ń gbé òmíràn kiri, ṣùgbọ́n èyí tó bá rìnrìn àjò jìnnà, àwa èèyàn la sábà máa ń gbé e. Lápá ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n kó ìtì igi elm láti Àríwá Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìbó èèpo rẹ̀. Abẹ́ èèpo yẹn ni kòkòrò kékeré kan fara pamọ́ sí, ó sì gbé àrùn kan tó jẹ́ ìbátan olú sára. Àrùn náà a máa dí ọ̀nà tín-ín-rín tí omi ń gbà láti gbòǹgbò dé ewé. Igi á dúró sórí ilẹ̀ tútù, òùngbẹ á sì pa á. Igi elm tó bá a lọ lé ní mílíọ̀nù 25. Ká ní wọ́n bó èèpo ni!

Ti igi kauri ní New Zealand ló kan ẹ̀yin tí ẹ ń rìn nínú igbó jù. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀ ń gbé, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ bàtà ló sì fi ń ti ìdí igi kan dé òmíràn. Ní December 2017, àwọn Te Kawerau ā Maki, ẹ̀yà kan lára àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, tí ilẹ̀ Waitākere jẹ́ tiwọn láti ìṣẹ̀ǹbáyé, pààlè sí igbó wọn kí ẹsẹ̀ èèyàn lè kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dúró lórí bàtà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á fín oògùn sórí ẹrẹ̀, á ní òun ti ṣe tán. Oògùn ò ní wọnú ẹrẹ̀. Ẹ yí ìsàlẹ̀ bàtà sókè, ẹ fi igi tín-ín-rín ha ohun tó há sáàárín àwọn ihò rẹ̀, pàápàá níbi gìgísẹ̀, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ àti ewé jíjẹrà máa ń rọ́ sí. Búrọ́ọ̀ṣì ló kàn, lẹ́yìn náà omi. Ìgbà tí ẹ bá rí rọ́bà bàtà fúnra rẹ̀ kedere ni kí ẹ tó fín sípíríìtì, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹnu ọ̀nà igbó ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ilé. Táyà kẹ̀kẹ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ má gbé igi ìdáná láti igbó kan lọ sí òmíràn, ẹ má sì fi báàgì gbé ọmọ igi wọ̀lú láti òkèèrè. Bí ẹ bá rí igi tó ń sun oje nídìí tàbí tí orí rẹ̀ ń gbẹ, ẹ má bó èèpo rẹ̀ wò. Ẹ ya fọ́tò gbogbo igi náà, lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀ àti ewé rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó.

Ní ti ọ̀rọ̀ bàbá wọn, mi ò ní pa tẹlifíṣọ̀n. Ó lè fi bí kòkòrò ṣe ń gbẹ́ abẹ́ èèpo hàn yín lọ́nà tí ìwé ò lè gbà fi hàn. Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni pé ó máa ń ká ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ sínú ìṣẹ́jú kan: igi tútù, igi gbígbẹ, ó tán. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ba ọmọ yín. Bẹ́ẹ̀ ni igi lè gbé àrùn sára fún ọdún mélòó kan kó tó hàn, àkókò yẹn gan-an la sì lè dáàbò bo àwọn tó yí i ká. Wọn kì í sì í fi bàtà fífọ̀ hàn, torí kò dùn ún wò. Ìwé ní tirẹ̀ á dúró dè yín. Ẹ lè ṣí i lábẹ́ igi, kí ẹ fi ewé ojú ìwé wé ewé tó wà lórí ẹ̀ka. Ẹ bá wọn wo ètò náà, kí ẹ sì ra ìwé tó ní àwòrán èèpo àti ewé dáadáa.

Tí àkọ́bí yín bá gbà láti tún bá yín lọ, òun ni kí ẹ fún ní búrọ́ọ̀ṣì. Kó kọ́kọ́ yẹ bàtà tiyín wò.