Ọkọ̀ rìmóòtù tó ń mu bátìrì: ṣé dáínámò ló burú ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ rìmóòtù ọmọ mi kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ mọ́ tí bátìrì á fi tán, bẹ́ẹ̀ bátìrì tuntun ni. Dáínámò rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí táyà, máa ń gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ṣé kí n ra èyí tó lágbára jù ú lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ó jọ pé nǹkan kan ló ń di táyà mú. Èyí tó lágbára jù ú lọ á kàn tún fa iná sí i ni.

Bí dáínámò bá ń yí, òun náà ń pèsè iná tirẹ̀ tó ń ti iná bátìrì padà. Bó bá ń sáré dáadáa, ìwọ̀nba iná díẹ̀ ló ń ráàyè wọlé. Tí nǹkan bá wá dì í mú tí kò lè sáré, iná á ya wọlé. Ká ní ìdènà tí wáyà inú rẹ̀ ń ṣe fún iná jẹ́ ohm 1, tí agbára bátìrì jẹ́ volt 6, iná ampere 6 (6 ÷ 1) ni yóò máa fà bí táyà bá há pátápátá. Ooru ló tún burú jù: iná di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sáàárín bátìrì àti ọkọ̀, ní ojú ihò 10A (ampere 10), kí ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tó bá kà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ dáínámò, kí ẹ fi ìka kan yí táyà. Ó yẹ kó fúyẹ́, kó sì máa yí lọ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá dúró lójijì, irun àti òwú kápẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Wọ́n máa ń wé mọ́ ọ̀pá táyà, wọ́n á wọnú búṣì, ìyẹn ihò tí ọ̀pá náà ti ń yí, lọ; àfi kí ẹ yọ táyà kí ẹ tó rí wọn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tú u, kí ẹ kán ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má fi gírísì kun jíà tó wà ní gbangba o, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa jẹ eyín rẹ̀.

Kí jíà má bàa fún mọ́ra jù nígbà tí ẹ bá ń dá dáínámò padà, bó bá ṣeé sún, ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín jíà kékeré àti ńlá, kí ẹ ti dáínámò mọ́ ọn, kí ẹ dè é, kí ẹ wá yí bébà náà jáde. Àlàfo tó fi sílẹ̀ yẹn ti tó.

Ẹ tún fi mítà wọn iná tí ọkọ̀ ń fà bíi ti àkọ́kọ́. Bí kò bá dínkù, ẹ yọ dáínámò, kí ẹ wọn òun nìkan. Bí iná tí dáínámò nìkan ń fà láìsí jíà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àkọ́kọ́, òun gan-an ló ti bàjẹ́. Ẹ wá ra òmíràn nígbà náà, irú èyí tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́.