Ọmọ Ọ́tà Òkun Tó Ń Ké Lórí Omi Kì Í Ṣe Ọmọ Òrukàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe ìpolongo nípa ọ́tà òkun, ẹranko onírun tó ń gbé inú òkun, ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn. A rí fídíò kan láti etíkun Kalifọ́níà, kò gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọmọ ọ́tà kan léfòó sórí omi lóun nìkan, ó ń ké, ìyá rẹ̀ ti pa á tì. Arákùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ kayak, ọkọ̀ kékeré tóóró tí a ń fi àjẹ̀ wà, gbé e sínú ọkọ̀, ó sì fi aṣọ ìnura wé e. A fẹ́ fi fídíò yìí kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Kí ni ká kọ sábẹ́ rẹ̀? Mílíìkì wo ló sì yẹ kí ẹni tó bá rí ọmọ náà fún un?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fídíò yẹn jáde. Ní ti mílíìkì, kò sí èyí tó yẹ kí ará ìta fún un, ì báà jẹ́ ti màlúù, ì báà jẹ́ ti ọmọ ọwọ́.

Ẹ sọ pé ìyá ti pa á tì. Ta ló sọ fún yín? Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́, nítorí ọdọọdún ló ń ya ọmọ nípa kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Nígbà tí ẹ bá rí ọmọ ọ́tà òkun tó dá wà lórí omi tó ń ké, lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, ó ń wá oúnjẹ.

Ọ́tà òkun kò ní ọ̀rá tó nípọn lábẹ́ awọ bíi ti àbùùbùtán. Irun ló fi ń bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ òtútù. Kò sí ẹranko mìíràn láyé tí irun rẹ̀ dí tó bẹ́ẹ̀: ní ibi tí kò ju ínṣì 1 níbùú àti lóòró lọ, ẹyọ irun lè tó mílíọ̀nù 1. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun yẹn ni kì í jẹ́ kí omi tútù kan awọ rẹ̀. Ohun kejì tó ń mú un móoru ni oúnjẹ. Lójúmọ́ kan, ó ń jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìyá tó wọn kílò 20 ní láti kó bíi kílò 5 akàn, ìgbín òkun àti òòrẹ̀ òkun jọ (òòrẹ̀ òkun ni ẹ̀dá róbótó ẹlẹ́gùn-ún tó ń rìn nísàlẹ̀ omi), ó sì tún ń fún ọmọ lọ́mú. Kí ọmọ tó pé oṣù 6, agbára tí ìyá ń ná lójúmọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó ti ọmọ. Bí kò bá rì sábẹ́ omi lọ wá oúnjẹ, àtòun àtọmọ ni yóò kú.

Ọmọ kò sì lè bá a rì. Irun tí wọ́n bí mọ́ ọn rọ̀, afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá tiẹ̀ fẹ́ wọlẹ̀, omi á tún gbé e sókè bí igbá. Ìyá á wá fi í sílẹ̀ lójú omi. Nígbà mìíràn á fi kẹ́lípù, ewé òkun gígùn yẹn, yí i lára kí ìgbì má baà gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló máa rì: ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 2, ó lè tó 4. Ọmọ á máa ké ní gbogbo àsìkò yẹn, ohùn rẹ̀ ni ìyá sì fi ń mọ ibi tó wà bó bá jáde. Ẹ̀yin gbọ́ ọ bí ẹkún ọmọ òrukàn. Ìyá gbọ́ ọ bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ wá padà sí arákùnrin inú ọkọ̀. Ìyá tó bá jáde tó rí ọkọ̀ níbi tó fi ọmọ sí lè sá, ó sì lè má padà wá. Ọwọ́ èèyàn, pàápàá ọwọ́ tó fi ìpara oòrùn pa ara, ń ba irun ọmọ jẹ́. Irun tó bá ti dọ̀tí á lẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, omi tútù á kan awọ. Nígbà tí epo rọ̀bì tú dà sínú òkun láti inú ọkọ̀ agbépo Exxon Valdez ní Alásíkà lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1989, ọ̀nà tí òtútù gbà pa ọ̀pọ̀ ọ́tà òkun nìyẹn. Aṣọ ìnura ńkọ́? Irun tó ń gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ òtútù omi lè fi ooru pa á lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó wé e fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ewu ló ń fi kún ewu.

Bí wọn kò bá rí ìyá mọ́, wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ nígbà kan mọ èèyàn jù, wọ́n ń wá bá a lẹ́yìn tí wọ́n dá wọn padà sí òkun. Láti ọdún 2001 ni Monterey Bay Aquarium, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran omi ní Kalifọ́níà, ti ń lo ìyá alágbàtọ́: abo ọ́tà tó ti wà lọ́dọ̀ wọn ló ń kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń rì àti bí a ṣe ń fọ́ ìkarahun. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ fún ọmọ lóúnjẹ á wọ aṣọ dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, á bo ojú, kí ọmọ má baà mọ̀ pé èèyàn ni. Àyè ibẹ̀ kò pọ̀, àwọn ọmọ kan kì í sì í lè padà sí òkun mọ́ láéláé. Abo ọ́tà òkun, ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Láti ọdún 1741 ni àwọn oníṣòwò awọ ti ń pa wọ́n, títí di ọdún 1911 tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi àdéhùn dáàbò bò wọ́n. Ní Kalifọ́níà, bíi 50 péré ló ṣẹ́kù nítòsí etíkun tí wọ́n ń pè ní Big Sur. Lónìí wọ́n tó nǹkan bíi 3,000. Ọmọ kan tí ẹ fi àṣìṣe gbé kì í ṣe nǹkan kékeré.

Mi ò sọ pé ìyá kì í kú, tàbí pé ìyá tí ebi ti gbẹ kò lè kọ ọmọ. Ó ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ máa pinnu, èmi náà ò sì lè jókòó síbí kí n fi fídíò pinnu. Ẹni tó bá rí ọmọ, yálà ó dá wà lórí omi tàbí ó wà lórí iyanrìn, kó kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Kó fi awò tí a fi ń wo ọ̀ọ́kán wo yíká omi, kó máa ka ìṣẹ́jú. Kó lé ajá àti àwọn òǹwòran sẹ́yìn. Kó má fọwọ́ kàn án, kó má da omi sí i, kó má tì í padà sínú òkun. Eyín rẹ̀ múná, òfin kò sì gbà á. Ní Amẹ́ríkà, ìtanràn lè tó 100,000 dọ́là, ẹ̀wọ̀n sì lè tó ọdún 1. Kó wá pe àwọn òṣìṣẹ́ ìgbàlà ẹran omi agbègbè náà, kó sọ ibi tó wà, aago, bó ṣe tóbi tó, bóyá ó fara pa, àti bóyá ọ́tà àgbà kan wà nítòsí. Àṣẹ tí wọ́n bá pa fún un ju ohun tí mo kọ síbí lọ.

Dípò fídíò yẹn, ẹ ya àwòrán ìpolongo. Ohun tí ẹ lè kọ sórí rẹ̀ nìyí: “Ọmọ yìí kò sọnù. Ìyá rẹ̀ ń wá oúnjẹ nísàlẹ̀ omi. Ẹ jìnnà síbẹ̀.” Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú: bíi mítà 18, ìyẹn gígùn ọkọ̀ kayak 5 tí a tò tẹ̀ lé ara wọn. Bí ọ́tà bá gbórí sókè tó ń wò yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.

Bí àyè bá ṣẹ́kù, ẹ fi ti ológbò kún un. Kòkòrò Toxoplasma gondii inú ìgbẹ́ ológbò ń bá omi òjò wọ òkun, ó sì ń pa ọ́tà. Inú àpò ìdọ̀tí ni kí wọ́n da ìgbẹ́ ológbò sí, kí wọ́n má dà á sínú ilé ìyàgbẹ́ olómi.

Ẹ tún yẹra fún fídíò ọ́tà tó ń jẹun lórí àga nínú ilé. Ọ́tà òkun kọ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ́tà òkun pẹlẹbẹ bí àjẹ̀, agbára káká ló fi ń rìn nílẹ̀. Ọ́tà kékeré ti Éṣíà ló sábà máa ń wà nínú àwọn fídíò yẹn, òwò ẹran ọ̀sìn sì ti fojú rẹ̀ rí màbo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fòfin de títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ní 2019.

Bí ẹ bá ti ya àwòrán yín tán, ẹ fi ránṣẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.