Páálí ìwé bàbá Parsi: ibo ni ká gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Houston ni mò ń gbé. Bàbá kan tí mo tọ́jú títí wọ́n fi kú jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, Parsi láti Mumbai, ìyẹn àwọn ará Íńdíà tó ń ṣe ẹ̀sìn Zoroaster, ẹ̀sìn àtijọ́ tó ti Iran wá; ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn náà ni wọ́n sì fi ayé wọn ṣe. Ìwé kún inú ilé. Ìyàwó wọn fẹ́ fi ta ilé ìkàwé ẹgbẹ́ wọn níbí lọ́rẹ, wọ́n ní kí n bá àwọn mójú tó o. Àwọn ọmọ ní ká kó gbogbo rẹ̀ sí páálí ká sì gbé e lọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbé páálí kankan jáde. Àwọn tó ń yọ̀ǹda àkókò wọn ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ẹgbẹ́, àyè kì í sì í gbà wọ́n. Bí ẹ bá já ìwé kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, wàhálà lẹ gbé fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà, kí ẹ fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́: òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún, èdè. Bí ìwé bá pọ̀ jù, ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn ìwé lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó tú ètò tí bàbá fi tò wọ́n.

Àwọn ẹbí sábà máa ń rò pé ìwé ńlá ẹlẹ́yìn awọ ló níye lórí jù. Sacred Books of the East, ọ̀wọ́ ìwé mímọ́ àwọn ẹ̀sìn Éṣíà tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí Max Müller ṣe olóòtú rẹ̀, wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà káàkiri, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé pẹlẹbẹ èdè Gujarati, èdè tí àwọn Parsi ń sọ ní Íńdíà, ni èmi máa kọ́kọ́ wá. Fardunjee Marzban dá ilé ìtẹ̀wé Gujarati sílẹ̀ ní Bombay (Mumbai òde òní) ní 1812, láti ìgbà náà sì ni àwọn Parsi ti ń tẹ ìwé àdúrà, ìtàn ìdílé, àní àríyànjiyàn lórí kàlẹ́ńdà ẹ̀sìn wọn. Bébà wọn ti ń rún, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà kò sì lè kà wọ́n. Àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dà nù! Ẹ tún wo etí ìwé. Ìwé atúmọ̀ èdè Iran àtijọ́ tí Bartholomae ṣe ní 1904 kì í ṣe ohun àrà, àmọ́ èyí tí bàbá fi pẹ́ńsù kọ èrò ara wọn sí, ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Bí ẹ bá rí ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀. Irú rẹ̀ ni Meherjirana Library ní Navsari ní Íńdíà, tó wà láti 1872, àti K. R. Cama Oriental Institute ní Mumbai, láti 1916, ń tọ́jú. Òfin Íńdíà ti 1972 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé kó ìwé àfọwọ́kọ pàtàkì tó ti lé ní ọdún 75 jáde nílùú, nítorí náà ẹ wá ìwé tó fi bó ṣe dé Houston hàn, kí ẹ sì bi agbẹjọ́rò. Ní ti lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn sí bàbá, ẹ lè fi bébà tọrẹ, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ tàbí àrólé rẹ̀ ló ṣì ní ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìyá lè fẹ́ yàrá kan tí wọ́n á fi orúkọ bàbá pè, kí wọ́n má yọ ìwé kankan níbẹ̀. Ẹ rọra bá wọn sọ̀rọ̀. Harold Bailey, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú àwọn èdè Iran àti Íńdíà àtijọ́, rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ní Cambridge, ṣùgbọ́n òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá Ancient India and Iran Trust sílẹ̀ fún un ní 1978, pẹ̀lú ilé tirẹ̀. Láìsí irú owó bẹ́ẹ̀, sítíkà orúkọ bàbá nínú ìwé kọ̀ọ̀kan tó. Kí ìwé àdéhùn sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí èyí tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀: kí wọ́n tà á, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ síbòmíràn.

Bí ìyá bá fẹ́ yọ iye ẹ̀bùn náà kúrò nínú owó tí ìjọba Amẹ́ríkà máa gba owó orí lé lórí, tí iye rẹ̀ sì lé ní $5,000, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ díye lé e, Fọ́ọ̀mù 8283 ti àjọ owó orí (IRS) sì wà láti kọ. Ilé ìkàwé tó ń gba ìwé kò lè díye lé e fúnra rẹ̀. Ẹ tún wo ìwé ìhágún bàbá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí nǹkan kan: ẹni tí wọ́n yàn sínú rẹ̀ láti bójú tó ogún ló láṣẹ, ó sì lè má jẹ́ ìyá.