Ojú lọ̀rọ̀ wà: sí àbúrò mi tí etí rẹ̀ ń di

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ohun tí o kọ kí n tó lè dáhùn. O ní ọmọ ọdún 22 ni ọ́, etí rẹ ti ń di díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí o ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, o kò mọ adití kan ṣoṣo, màmá rẹ ò sì fẹ́ kí o kọ́ èdè adití kí àwọn èèyàn má baà máa pè ọ́ ní odi. O wá ń béèrè bóyá ó ti pẹ́ jù. Kò pẹ́ rárá. Èmi gan-an ti pé ọmọ ọdún 21 kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kí èèyàn.

Ọdún 2009 ni tèmi ṣẹlẹ̀. Ara mi gbóná, orí ń fọ́ mi, ọrùn mi gan bí igi. Ilé ìwòsàn kan ládùúgbò wa ń tọ́jú ibà fún odidi ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó rí i pé lọ́rùnlọ́rùn (meningitis) ni. Nígbà tí mo máa lajú, ẹnu màmá mi ń lọ sókè sódò, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ràn. Wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, màá máa mi orí. Wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá sọ fún mi pé ọmọ àwọn ti kú, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, mo mi orí. Bí ojú wọn ṣe rí lọ́jọ́ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́: èyí tí o kò bá gbọ́, sọ pé o kò gbọ́. Ìdíbọ́n yẹn máa ń tánni lókun ju àìsàn lọ, kò sì sí adití tó lè dá ọ mọ̀ níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì ń sá pamọ́ sáàárín àwọn tó ń gbọ́ràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rí adití àkọ́kọ́ tí mo mọ̀. Mo gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe kọjú sí mi, mo nawọ́ sí etí mi, mo mi orí pé n kò gbọ́. Àwọn náà nawọ́ sí etí tiwọn. A wá ń wo ara wa. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ, wọ́n kọ ọ́ sórí tábìlì: Sunday, aago mẹ́wàá, pẹ̀lú orúkọ òpópónà kan. Ìjọ adití ni. Mo dé ibẹ̀, nǹkan bí ọgọ́ta èèyàn ń fọwọ́ kọrin, ìlù ńlá kan wà nílẹ̀ tó ń dún láyà mi, mo sì sunkún débi pé aṣọ mi tutù.

Ìjọ ni ọ̀nà tó yá jù ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ìjọ ńlá mìíràn sì ní ìhà tí ògbufọ̀ ti máa ń dúró síwájú àwọn adití. Bí o kì í bá ṣe onígbàgbọ́, lọ sí ilé ìwé tó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití, bíi Ijokodo High School n'Ìbàdàn tàbí ilé ìwé adití Wesley ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, kí o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ibi tí àwọn adití tó ti dàgbà ti ń pàdé. Ẹgbẹ́ àwọn adití ní Nàìjíríà ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ìparí oṣù kẹsàn-án ni ọ̀sẹ̀ àwọn adití lágbàáyé, ọjọ́ 23 oṣù náà sì ni ọjọ́ èdè adití. Wọ́n sábà máa ń jáde nígbà yẹn, á rọrùn fún ọ láti rí wọn.

Fídíò èdè adití orí fóònù dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Èdè adití ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ tiwa, ó sì nídìí. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló dá ilé ìwé adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1960 lẹ́yìn tó ti ṣe irú rẹ̀ ní Gánà, àmì ọwọ́ ti Amẹ́ríkà ló sì bá a wá. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí lọ́rùnlọ́rùn, àìsàn tó ṣe mí yìí gan-an, di í létí. Òun náà ti gbọ́ràn rí! Nígbà tí mo mọ ìtàn yẹn, mo sinmi àti máa rò pé adití àbọ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n má ṣe dúró sórí fóònù. Àmì púpọ̀ wà tó jẹ́ ti ilé, ọwọ́ èèyàn nìkan lo ti lè rí i.

Ọwọ́ ò sì le tó ojú. Nínú lẹ́tà tí a ń fi ìka kọ, M àti N ni mo máa ń ṣì mú: ìka mẹ́ta ló ń bo àtàǹpàkò fún M, méjì fún N. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo fi mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í wo àgbà lójú. Bí àgbà adití bá ń bá mi sọ̀rọ̀, màá kúnlẹ̀, màá dorí kodò, ọ̀rọ̀ á sì já, nítorí ojú ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ń béèrè ohun tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn, irun òkè ojú á lọ sókè. Bó bá jẹ́ ta ni, kí ni, níbo, wọ́n á kó ojú jọ. Èmi tí mò ń wo ilẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìbéèrè ni? Nínàka sí àgbà náà tì mí lójú, bẹ́ẹ̀ ìka yẹn gan-an ni "ẹ̀yin". Aránṣọ yẹn ló gbé àgbọ̀n mi sókè lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ìka méjì tọ́ka láti ojú mi sí ojú wọn. Láti ìgbà náà, màá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n màá gbójú sókè.

Oṣù kẹrin tí mo ti wà láàárín wọn ni wọ́n fún mi lórúkọ ọwọ́, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń pe èèyàn. Èèyàn kì í fún ara rẹ̀ ní orúkọ ọwọ́, àwọn adití ló máa ń fún ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi máa ń jìn bí mo bá rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá fi ìka gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n yí i díẹ̀. Ohun tí mò ń jẹ́ títí dòní nìyẹn.

Ní ti màmá rẹ, má bá wọn jà. Tèmi gbé mi gun orí òkè àdúrà títí, wọ́n sì ń gbá ọwọ́ mi wálẹ̀ níwájú àlejò. Ó dùn mí gan-an ni. Nígbà tó di ọdún kẹta, wọ́n wọ yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí NEPA ti mú iná lọ. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú ara wọn, wọ́n kó ìka jọ, wọ́n fi kan ẹnu, irun òkè ojú wọn sì lọ sókè: ṣé mo ti jẹun? Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní ti ojú yẹn.

Nítorí náà, lọ lọ́sẹ̀ yìí. Mú bírò àti ìwé dání, má fi ṣe ohun tí wàá máa sá sí. Ibi tí wọ́n bá ní kí o jókòó sí, rí i pé fèrèsé kò sí lẹ́yìn ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji lásán ni wàá máa rí. Bí ọ̀rọ̀ bá yára jù fún ọ, gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n á tún un sọ.